Iná Iwájú Jíìpù

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí Láoyè so wáyà iná àfikún mọ́ iwájú jíìpù àwọn aṣọ́gbó tán. Ó nàró, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ tó máa ń bá a tẹ bọ́tìnnì nínú ọkọ̀: “Ìyá Fẹ̀yí, tẹ̀ ẹ́!”

Ìgbà náà ló rántí pé òun ti sin ín. Kò sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ara rẹ̀ ti kú tipiri.

Iná tàn yòò. Bẹ́ẹ̀ bátìrì tó ti yọ kúrò nínú ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Bàbá Fẹ̀yí, ṣé ó tàn?” ni ohùn ìyàwó rẹ̀ bèèrè láti inú ọkọ̀.

Láoyè mọ̀ pé bí òun bá ti ní ó tàn, obìnrin náà yóò pa iná náà bí ìṣe rẹ̀, yóò sì máa lọ.

“Kò tíì tàn o.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ tún ti ń purọ́, olówó orí mi.”

Iná náà sì kú.