Àgbá Márùn-ún Lábẹ́ Tápólì

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Jayéọlá ní kí wọ́n paná márùn-ún nínú àgbá mẹ́fà tí wọ́n fi ń sun èédú oko. Àwọn òṣìṣẹ́ da omi sí wọn, wọ́n fi tápólì bò wọ́n, wọ́n sì to pákó lé wọn lórí bí ẹni to igi ìdáná. Ẹyọ kan tó jẹ́ tuntun, tí èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀.

Èédú yìí kì í ṣe ti ìdáná. Èèpo ẹkùrọ́ ni wọ́n ń sun, àwọn àgbẹ̀ a sì pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ọ̀gbìn lè ṣe dáadáa. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe é ní ìlú Benin ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA pé kí ìjọba má kà wọ́n mọ́ àwọn tó ń sun ìdọ̀tí. Èsì tó dé ni pé olùyẹ̀wò yóò wá wo èéfín wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ibi tó bá ti pọ̀ jù, wọn yóò tì í pa. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ń jẹun nídìí àgbá Jayéọlá.

"Gbogbo yín, ẹ wọ inú ilé tí kò tíì parí yẹn," ló wí. "Tí wọ́n bá rí èrò, wọ́n á mọ̀ pé èéfín wa pọ̀."

Àbúdù, tó dàgbà jù nínú wọn, wò ó. "Ọ̀gá, make we hide like thief?"

Jayéọlá kò lè wojú rẹ̀. Bàtà Àbúdù tí iná ti jẹ létí ló ń wò.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọkọ̀ funfun kan yà wọlé láti Airport Road. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó gbọ́ èdè Yorùbá tí Morọ́láyọ̀, ìyàwó Jayéọlá, fi kí i, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àṣé ará ilé ni yín! Wọ́n ní kí n wá wo ibi iṣẹ́ yín, èmi ni..."

"A ti ń retí yín, mà," ni Jayéọlá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Morọ́láyọ̀, omi! Ẹ jókòó ná, mà. A kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá kó tó mumi."

Ó mu omi náà tán, ó dúpẹ́, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

"Àgbá mélòó lẹ ní?"

"Ẹyọ kan yìí náà ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń dáná lọ́sẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà míì, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bu èédú tó ti tutù, ó fọ́ ọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Morọ́láyọ̀ fẹnu sí ọkọ rẹ̀ létí.

"Kò mà mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èéfín dání."

"Á wà nínú ọkọ̀. Dákẹ́."

"Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àpò lóṣù ńkọ́?" ni obìnrin náà bi wọ́n.

Jayéọlá rò pé pańpẹ́ ni. "Há! A ò lágbára ẹ̀, mà. A ò tiẹ̀ fẹ́ ẹ."

"Èèyàn mélòó ló wá ń ṣiṣẹ́ níbí?"

Ẹnìkan wúkọ́ nínú ilé tí kò tíì parí náà, ó sì tètè pa á mọ́nu. Fèrèsé ibẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí wọ́n wà.

"Èmi àti ìyàwó mi nìkan, mà. Kò sí ẹlòmíì."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn díẹ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì lọ.

"A bọ́!" ni Morọ́láyọ̀ wí, ó ń pàtẹ́wọ́.

Àbúdù jáde, ó ń gbọn eruku sìmẹ́ńtì lára. "So na only you and madam dey work here."

"Ẹ má bínú. Torí yín ni."

"No wahala, Ọ̀gá. We hear am well well."

Àwọn márùn-ún tó kù gba ẹ̀gbẹ́ Jayéọlá kọjá. Ojú tì í débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ká tápólì, kò sì sẹ́ni tó bá a mú etí kejì. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ìtìjú ò pààyàn, iṣẹ́ wọn ṣáà wà. Ìgbà náà ni Olúfẹ́mi, alága ẹgbẹ́ wọn, pè é lórí fóònù.

"Jayéọlá, àwọn olùyẹ̀wò ti sún tiwọn di oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tí mo rán sí yín láti oko ọ̀pẹ, tó fẹ́ máa ra ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àpò èédú lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, ní òun ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, torí òun ò bá òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀."