Ẹ Yàgò fún Aláìsàn

Àlàájì fọwọ́ di àyà mú nínú áńbúláǹsì, ó ń pariwo pé òun ń kú lọ.

"Sewanu, tẹná sí i," ni nọ́ọ̀sì wí. "A ò tíì dé Morogbo."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí látàárọ̀," ni dírẹ́bà fèsì. "Ó ti ràn dé apá òsì." Òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbindin.

"Àgbọn tí o ń fi eyín fọ́ ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ rèé, ìwọ ń sọ̀rọ̀ eyín."

Àlàájì gùnfẹ̀ gbọọrọ, ó dìde jókòó. "Alihamudulilahi. Ẹ̀wà àná ni."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

Fèrè ọkọ̀ han gooro, kò dákẹ́. Orí Sewanu ló tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọkọ̀ iwájú sì ń yàgò fún aláìsàn.