Bí Twyla Ṣe Sunkún Ẹni Tí Kò Kú ní Savannah

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ Twyla yìí tán, torí ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tó kàn yín wà.

1.
Onídìrí ni Twyla Gadsden, ní Macon níbí. Kò sí ohun tí ẹ máa bi í tí kò ní sọ pé òun mọ̀. Verlene àti Coretha ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ìwà rẹ̀ yìí sì ti mọ́ wọn lára.

Nígbà tí òtútù lọ tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn máa lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Savannah. Verlene ti rí amọ̀nà kan tó máa ń mú àlejò rìn káàkiri àdúgbò àtijọ́. Twyla pòṣé.

"Kí la fẹ́ fi amọ̀nà ṣe? Ìlú ìyá ìyá mi ni. Mo mọ Savannah bí mo ṣe mọ ilé ìdáná mi."

Ẹ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀: ọmọ ọwọ́ ni ìyá ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Twyla fúnra rẹ̀ ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èébì ló sì ń bì nínú bọ́ọ̀sì ní gbogbo ọjọ́ náà.

2.
Láàárọ̀ Sátidé wọ́n jáde. Twyla ló wà níwájú, lábẹ́ àwọn igi ńláńlá tí koríko bí irùngbọ̀n ń fì dirodiro lára ẹ̀ka wọn. Gbogbo ère tí wọ́n bá dé ìdí rẹ̀ ló ń fún lórúkọ. Ó ní ọba ilẹ̀ Faransé ni ọ̀kan. Coretha bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ọ̀gágun ni wọ́n pè é níbí. Twyla ní wọ́n ti pààrọ̀ orí rẹ̀ ni.

Ó ní odò ò jìnnà mọ́. Wọ́n rìn títí, ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń tún táyà ṣe ni wọ́n já sí. Bàtà ti bó Coretha lẹ́sẹ̀. Verlene ní kí àwọn bi obìnrin kan tó ń fa ajá lọ. Twyla bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí òun máa béèrè ọ̀nà nílùú òun.

3.
Ebi dé. Wọ́n kan ilé àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn èèyàn tó múra dáadáa ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ wọlé. Twyla ní ilé tí àlejò máa ń wọ̀ wò nìyẹn, pé wọ́n tiẹ̀ máa ń fún èèyàn lóúnjẹ. Ni wọ́n bá wọlé.

Ìrẹsì pupa wà lórí tábìlì, adìyẹ díndín wà, akàn wà, tíì oníṣúgà tútù wà. Twyla bu tirẹ̀ kún àwo, ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Fọ́tò ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà lára ògiri.

"Bàbá tó kọ́ ilé yìí rèé. Ìrẹsì ló ń tà. Ó ti kú tipẹ́, wọ́n ní ahun ni."

Obìnrin kan tó wọ dúdú sún mọ́ wọn, ó rọra béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti wá tàbí ẹbí ni wọ́n. Verlene wo yíká. Dúdú ni gbogbo ilé wọ̀. Adìyẹ há a lọ́fun. Àṣé òkú ni wọ́n sin, oúnjẹ ìsìnkú sì ni àwọn ń jẹ yìí.

Ká ní Twyla sọ pé, "Ẹ má bínú, a ṣìlé wọ̀ ni," wọn ì bá rẹ́rìn-ín sí i, kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Twyla ò lè ṣìlé.

"Ẹbí ni wá," ó ní. "Láti Macon."

4.
Obìnrin náà dì mọ́ ọn. Ó ní inú olóògbé ì bá dùn láti rí wọn, pé ẹbí ló ń sọ̀rọ̀ ìdágbére báyìí, kí ará Macon náà wá sọ tiwọn. Verlene ja Twyla léèékánná. Twyla dìde.

Ó lọ dúró níwájú fọ́tò onírùngbọ̀n náà, ó ti gbà pé olóògbé nìyẹn, ó fi aṣọ nu ojú tó gbẹ.

"Bàbá wa, mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé mi lọ pẹja. Irùngbọ̀n yín yìí ni mo máa ń fà. Ta ni mo tún fẹ́ máa fà nírùngbọ̀n báyìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹkún gidi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sun ún débi pé Coretha, tó mọ̀ pé irọ́ ni, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pẹ̀lú.

Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé gbé àwo adìyẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọ̀pá dìde. Irùngbọ̀n ara fọ́tò náà ló wà ní àgbọ̀n rẹ̀, àfi pé ó ti funfun.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìyàwó mi la sin láàárọ̀ yìí. Èmi lẹ̀ ń sunkún lé lórí yẹn. Mi ò sì lọ pẹja rí. Omi máa ń bà mí lẹ́rù."

Ẹnì kan fi áńkáṣíìfù bo ẹ̀rín mọ́nu. Bàbá fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì, títí tó fi ní láti jókòó. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti di ẹkún. Ó ń sọ pé, "Ardelia ìyàwó mi ì bá wà níbí kó gbọ́ èyí."

Obìnrin tó dì mọ́ Twyla lẹ́ẹ̀kan, tó jẹ́ ọmọ olóògbé, na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

5.
Twyla ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Verlene ló dúró, tó di bàbá lọ́wọ́ mú, tó jẹ́wọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, tó sì bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kí wọ́n di adìyẹ fún Verlene àti Coretha. Kò béèrè Twyla.

Nígbà tí wọ́n bá Twyla níta, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé fọ́tò yẹn ló tan òun, pé ta ló ń gbé fọ́tò alààyè kọ́ ilé ọ̀fọ̀.

"Twyla," Verlene dá a lóhùn, "kì í ṣe pé o ò mọ̀nà ló ń dùn wá. Bàbá yẹn sin ìyàwó rẹ̀ lónìí, o sì dúró nínú ilé rẹ̀, ò ń purọ́ fún un. A ní ká béèrè. O kọ̀."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n padà sí Macon.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, Twyla rí fọ́tò lórí fóònù rẹ̀. Verlene àti Coretha wà nílùú Charleston, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀nà kan tó ń fi agbòòrùn júwe nǹkan. Ó pè wọ́n, ó ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé mọ́tò ti kún.

Àwọn méjèèjì péré ló wà nínú rẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á, mo kìlọ̀ fún ọ: tí o ò bá mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Tí o bá ṣìlé wọ̀, bẹ onílé kó o jáde, má di ẹbí wọn lọ́sàn-án gangan. Ìgbéraga kékeré lè gba ọ̀rẹ́ ogún ọdún lọ́wọ́ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń ṣáájú láìmọ ọ̀nà. Tó bá béèrè ìdí, sọ pé o kàn rí i ni.