Fáìlì Tí Wọ́n Ní Bàbá Gbé Lọ

Ọjọ́ kejì rèé tí omi ò yọ nílùú.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ omi, mò ń tún kọmpáílà àtijọ́ kọ́, ètò tó ń sọ ọ̀rọ̀ wa di èdè tí ẹ̀rọ tó ń fa omi gbọ́.

Àwọn fáìlì yòókù ti délẹ̀, àmọ́ wọn ò so pọ̀. Wọ́n ń pe fáìlì kan lórúkọ, fáìlì ọ̀hún ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá yẹn ló gbé e lọ!" Ọ̀gá ń lu tábìlì. "Torí a dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́!"

"Àgbà òṣìkà ni, sà," ni mo fèsì.

Bàbá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé.

Ọ̀gá jáde lọ pe ọlọ́pàá.

Fóònù mi dún. Bàbá ni.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé fáìlì kan sọnù, iṣẹ́ wá há mọ́ yín lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀dà fáìlì yẹn nílé. Mo ti ń gbé e bọ̀."

"Ẹ ṣé, sà."

Mo ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ orúkọ ẹni tó bá pa fáìlì rẹ́ sí.

Orúkọ mi ni. Ọjọ́ tí mo gba àga yìí, mo pa àwọn fáìlì tí arúgbó náà fi sílẹ̀ rẹ́, kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ mi yá.

Mo pa orúkọ náà rẹ́.

Ọ̀gá wọlé. "O ti rí ẹni tó ṣe é?"

"Bàbá ni, sà. Ẹ ní kí ọlọ́pàá dúró ní gétì. Ó ń gbé e bọ̀ lọ́wọ́."