Eyínfúnjowó

Lọ́dún 1994, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan pe ọmọbìnrin mẹ́rìnlélógójì wá fún íńtáfíù ní Òkìtìpupa. Ààyè méjìlá péré ló wà. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ilẹ̀kùn: ẹni tó bá ti wà nílé ọkọ, tàbí tó lóyún, kó má wulẹ̀ jókòó.

Tóyọ̀sí ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyí. Ó ti sọ fún iye tó bí i ní Ìlútítun pé bí wọ́n bá tún lé òun padà, òun ò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́ láyé òun, òun á kúkú jókòó sílé máa bá wọn ṣe epo. Aṣọ búlúù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀.

Kò pẹ́ tí Aníwúrà fi wọlé. Agboolé kan náà ni òun àti Tóyọ̀sí ti wá, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tí oníkálukú wọ̀ wá. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta ju Tóyọ̀sí lọ. Bí wọ́n ṣe fojú kanra báyìí, orúnkún Aníwúrà ti kanlẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ẹ káàárọ̀ o."

Gbogbo orí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Aníwúrà wo ẹ̀yìn, ó yára dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Tóyọ̀sí ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Fi ìyẹn sílé o," ó ní.

"Mo kí yín, ó wá dìjà?"

"Mo ní kó o fi sílé. Ṣé o gbọ́?"

Aníwúrà pòṣé, ó lọ jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jáde, kò sì wo ọ̀dọ̀ Tóyọ̀sí rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe Tóyọ̀sí, bẹ́ẹ̀ kò tíì kàn án.

Ènìyàn méjì ló wà nídìí tábìlì: Ìyáàfin Helen Oyèbádé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, àti Ọ̀gbẹ́ni Àdìó, olùkọ́ kan tó di ìwé orúkọ mú. Kò sẹ́ni tó ní kí Tóyọ̀sí jókòó.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?" Ìyáàfin Oyèbádé bi í.

"Mi ò lọ́kọ, mà."

"Irọ́! Ẹnìkan dúró níbi tó o dúró sí yẹn, ó ní ọmọ tó wọ aṣọ búlúù níta ti wà nílé ọkọ láti ọdún tó kọjá. Ta ló wọ búlúù?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o ka ìwé ara ilẹ̀kùn?"

"Mo kà á, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ wo ọ̀yájú!" Ọ̀gbẹ́ni Àdìó ní. "Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún jókòó."



"Ṣé o mọ ẹni tó sọ ọ́?" Ìyáàfin Oyèbádé tún bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Agboolé kan náà la wà."

"Kí ló dé tó fi máa purọ́ mọ́ ọ?"

Tóyọ̀sí wo ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bẹ̀ mí pé kí n má sọ nǹkan kan, mà."

"Ẹ̀gbọ́n ni àbí ọkọ?" Ọ̀gbẹ́ni Àdìó rẹ́rìn-ín tó ń dunni. "Gbogbo wọn ló ń ní ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bá dé ibí."

Ìyáàfin Oyèbádé ti mú báírò pupa. Ó fi ẹnu báírò náà lé orúkọ Tóyọ̀sí lórí ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dákun," Tóyọ̀sí ní, omi sì ti lé sí i lójú. "Ẹ pè é wọlé. Kó sọ ọ́ lójú mi."

Wọ́n pe Aníwúrà. Ó wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta lo ní ó wà nílé ọkọ?" Ìyáàfin Oyèbádé bi í.

"Òun nìyí, mà. Oyún wà níkùn rẹ̀ pàápàá."

"Ọlọ́run á bi ọ́!" Tóyọ̀sí pariwo.

"Dákẹ́ jàre!" Ìyáàfin Oyèbádé yíjú sí Aníwúrà. "Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lo sọ yìí. Màá kọ ọ́ sílẹ̀, wàá sì fọwọ́ sí i. Pe orúkọ rẹ̀ kí n kọ ọ́."

"Eyínfúnjowó, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Àdìó wo ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò sí Eyínfúnjowó níbí."

"Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń bi ọ́," Ìyáàfin Oyèbádé ní.

Aníwúrà la ẹnu. "Ohun tí mo máa ń pè é nìyẹn, mà."

"Ṣé o ò mọ orúkọ rẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Pè é nígbà náà."

Aníwúrà wo ilẹ̀. Òógùn ti bò ó níwájú orí. "Ẹ̀yin ẹ pè é, mà. Màá ní òun ni."

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" Ọ̀gbẹ́ni Àdìó jágbe mọ́ ọn. "Orúkọ lásán! Àbí ó gbóná lẹ́nu ẹ ni?"

Aníwúrà fi ọwọ́ nu òógùn náà. Ojú fèrèsé ni Tóyọ̀sí ń wò.

Ìyáàfin Oyèbádé, tó ti ń pe àbúrò ọkọ tiẹ̀ ní Ìbàdíàrán láti ọdún méjìlélógún tó ti bá a nílé ọkọ, tí kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ náà lọ́jọ́ kan, gbé báírò pupa kúrò lórí orúkọ Tóyọ̀sí, ó wá orúkọ Aníwúrà kàn, ó sì fa igi lé e lórí.