Irùngbọ̀n Bàbá Ọmọ

Lọ́jọ́ ìkómọ, Àsánì onígbàjámọ̀ fá irun orí Sherif tán, ó gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, ó nu abẹ, ó sì fa àpótí sún mọ́ Muheez, bàbá ọmọ.

"Ó kàn yín, Bàbá Ìkókó."

Muheez fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà ná."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàrákátù, ìyàwó rẹ̀, náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

Nílé bàbá Muheez ní Ọ̀jọ́, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá lóyún kì í fi abẹ kan àgbọ̀n títí wọn ó fi kó ọmọ jáde. Wọ́n ní bí abẹ bá kàn án, ewu ń bẹ fún ọmọ inú. Nígbà tí Bàrákátù kọ́kọ́ lóyún, Muheez fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ó fá àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, oyún ti wálẹ̀. Dókítà ní kò sí ohun tó kan irùngbọ̀n níbẹ̀. Muheez ò gbọ́. Ó sunkún bí ọmọdé, ó búra pé òun ò ní dán irú ẹ̀ wò mọ́.

Ó sì mú ìbúra náà ṣẹ. Nígbà tí oyún Sherif dé, irùngbọ̀n hù títí ó fi kan àyà rẹ̀. Ooru mú un, ara yún un. Ní Alábà, níbi tó ti ń ta fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, àwọn oníbàárà ń pè é ní Àáfà, wọ́n ń ní kó ṣàdúà fáwọn. Ará Íbò tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì ò yéé bi í pé, "Alhaji, between you and òbúkọ, who senior?" Muheez á kàn rẹ́rìn-ín ni. Bó bá délé, Bàrákátù á fi òróró pa irùngbọ̀n náà, á yà á. Ìyàwó mìíràn, ìgbà tí ọkọ bá ra wúrà sí i lọ́rùn ló ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun. Irùngbọ̀n yẹn ni wúrà ti Bàrákátù.

Ìkómọ wá kọjá, irùngbọ̀n ò kọjá. Lónìí, Muheez á ní ó ti mọ́ òun lára. Lọ́la, á ní sunnah ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, òun ló ń gbé e jó kó tó jáde lọ sí ọjà, kó tó di pé ó gba Ìbà lọ nírọ̀lẹ́ láti bá àwọn ọmọ yunifásítì tún tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe.

Ìyá Ayọ̀túndé, alájọgbélé wọn ní Okokomaiko, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ.

"Ìyá Sherif, má wo ẹnu mi o. Ní ìlú wa, ọkùnrin tí wọ́n bá kó ọmọ rẹ̀ jáde tí kò fá irùngbọ̀n, ohun tó ń sọ ni pé ọmọ yẹn kì í ṣe tòun."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun Bàrákátù mọ́. Kò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn Muheez rí. Ó fi etí ọmọ wé etí bàbá, ọ̀kan náà ni. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bi í.

"Bàbá Sherif, ṣé ẹ rò pé ọmọ yìí kì í ṣe tiyín ni?"

"Astagfirullah! Ta ló gbé ìyẹn sí ọ létí? Ọmọ mi ni, kò sí àní-àní."

"Ẹ fá a nígbà náà."

Muheez wolẹ̀. "Màá fá a. Ṣe sùúrù."

Ìyá Muheez ló kù tó lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ìyá yìí ló sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Bàrákátù nígbà tí oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀. Bí ìjà bá sì dé, ẹ̀yìn ìyàwó ni ìyá máa ń wà. Ó dé ní Sátidé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àgbo méjì, ó gbé ọ̀kan fún Bàrákátù, ó gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀.

"Ọmọ ọmọ mi ni Sherif," ni ìyá wí nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ náà tán. "Ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni kó wá bá."

"Ẹ bá mi ní kó fá a, Ìyá. Ojú ń tì mí."

"Irùngbọ̀n ọkùnrin, ọwọ́ ọkùnrin ló wà. Fi í sílẹ̀."

Bàrákátù ò fi í sílẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Àsánì. Nígbà tí onígbàjámọ̀ dé, Muheez ń tòògbé lórí àga ní fàráńdà, àwọn alájọgbélé sì ń wò. Àsánì wo Muheez, ó wo ìyá, kò ṣí àpò rẹ̀.

"Ìyá Ìkókó, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìkókó fúnra wọn sọ ọ́."

Bàrákátù ṣí àpò náà, ó mú abẹ. "Èmi ni mò ń fi òróró pa á, èmi náà ni màá fá a. Kí gbogbo ayé rí i pé bàbá ọmọ mi ni." Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rọra di àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ mú, abẹ kan irun àkọ́kọ́.

Muheez fò dìde, àga ṣubú lulẹ̀. Ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pariwo: "Ṣé o fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

Sherif ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Ọmọ wo?" ni Bàrákátù bi í. Ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀ kí ìyẹn gbèjà rẹ̀.

Ìyá dìde, ó rọra gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi, ìyàwó Ìbà ò tíì bí."