Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Kọ Omi

"Bàbá Àgbékẹ́, kí la ti mọ̀ nípa ooru?"

Bí Tíṣà Ràfíátù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nígbà tí páànù orí ilé Ìwó bá ń ta bí àgbàdo tí wọ́n ń yan.

"A mọ̀ pé ó ń mú," ni bàbá náà dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ tíṣà."

"Ẹ jáde bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ ṣáájú. Bí èèrà ò bá bù yín jẹ, màá tẹ̀lé yín."

Tíṣà pòṣé, ó lọ jókòó.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n gbé Bàbá Ògúnníyì, aládùúgbò wọn, jáde nínú yàrá tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Kò padà wálé láàyè. Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti pinnu pé ooru ò ní pa arúgbó kankan mọ́ ládùúgbò yìí. Bàbá Àgbékẹ́ nìkan ni kò gbọ́ràn.

Nígbà tí bàbá náà jáde bọ̀ níkẹyìn, Tíṣà bu omi inú ìkòkò sínú ife, ó nà án sí i.

"Ẹni tó bá fún èèyàn lómi," ni bàbá náà wí, "òun ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Àbí wọ́n ti pa àṣà yẹn rẹ́?"

Tíṣà fẹnu kàn án.

"Ètè lẹ fi rin un yẹn. Ẹni tó fẹ́ pa mí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Èmi? Kí n pa yín? Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí?"

Ó gbé ife náà mu tán kó lè pa á lẹ́nu mọ́. Bàbá ní òun ò rí i dáadáa. Ìgbà tí Tíṣà mu ìkẹta tán ni ó tó gba tirẹ̀.

"Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní kan ò yọ mí lẹ́nu tó báyìí rí!"

"Pàṣán yín ni wọ́n ń bẹ̀rù."

Ó kan aṣọ tútù. Bàbá ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tíṣà tú ìborùn rẹ̀, ó rẹ aṣọ ìnura sínú omi, ó fi lé ọrùn ara rẹ̀, ó fi nu apá méjèèjì, bó ti ṣe lánàá àti níjẹta. Bàbá ń wò ó bí olódo.

Nígbà tó dìde láti máa lọ, ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó di igi mú. Ìbínú ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Kíá, bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí òun ṣe ra ilẹ̀ ní Olúpọ̀nnà, ìtàn tó ti ń sọ láti ọjọ́ Ajé tí kò tíì débi tó ti sanwó. Tíṣà tún jókòó. Oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn ilé kó tó ráyè kúrò níbẹ̀.

"Bí ẹ bá kú, ọrùn ara yín ló wà!"

"Ó dàárọ̀, Tíṣà."

Bí Tíṣà ti yà ní kọ̀rọ̀, bàbá náà gbé fóònù, ó pe Òṣogbo: "Lateefat, màmá rẹ ti mu ife mẹ́ta lónìí, wọ́n ti fi aṣọ tútù nura, oòrùn ò sì rí wọn títí ọjọ́ fi rọ̀, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jù mí lọ, wọn ò sì ní gbà fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ti dàgbà, nítorí náà tó o bá dé ní Sátidé, má sọ pé kí wọ́n mumi, ní kí wọ́n wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mu ún."